Ohùn Tó Pe Hai

Ẹja mẹ́rìnlá ni wọ́n ti kó jáde nínú fírísà kejì kí Nhạn tó ní ó tó.

"Dókítà," ó ní, "ṣé àwọn ẹja yìí náà wà lára ìwádìí yín ni?"

Dókítà Khuê ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Hà Nội ni, òun ni olórí ìwádìí oògùn ọpọlọ ní ọsibítù náà. Ẹ̀wù funfun rẹ̀ gún régé tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ jábọ́. Ó yíjú sí Hớn, ọlọ́dẹ ọsibítù, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Tèmi ni, Ẹ̀gbọ́n Bảy," ni Hớn wí fún Nhạn. "Fíríìjì ilé wa ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n bá ìyàwó mi fi wọ́n pamọ́ díẹ̀."

"Nínú fírísà oògùn ọpọlọ?"

"Ẹja náà ṣáà ní ọpọlọ, Ẹ̀gbọ́n."

Nhạn di ojú. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Àwo hủ tiếu kan ṣoṣo, ọbẹ̀ oní-núdù, ló wù ú jẹ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti gbé e ka iwájú rẹ̀, ooru ń rú lórí rẹ̀, ó ti ju ewé sí i, ó ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ni fóònù bá dún. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ àgbà ọ̀mọ̀wé ló ń jẹ, kò sì yó.

Bảy ni gbogbo ẹni tó ń gbé etí odò Hậu ń pè é, ìyẹn Èje, bẹ́ẹ̀ ọmọ kẹfà ni ìyá rẹ̀ bí i. Bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ lọ́hùn-ún nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìdí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Cần Thơ, láti ayé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gbé èèyàn sọdá, tí afárá ńlá náà kò tíì sí, tí ènìyàn lè mọ aago tó lù láti inú fèrè ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá parọ́ fún Nhạn nígbà yẹn, àfi kó mú oúnjẹ ọ̀sán dání, torí pé wọn ò ní tètè dé ilé.

Ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fírísà àkọ́kọ́ ló dá gbogbo wàhálà ẹja yẹn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì Diệp, tó ń tọ́jú àwọn fírísà, ló kọ ọ́. Ohun tó kọ ò ju èyí lọ: *Ọ̀gá pè, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àpótí: fún Hai.*

Hai ni èjì lédè ibẹ̀. Bí Dókítà Khuê ṣe rí i, ló bá pariwo pé fírísà kejì ni Diệp gbé àpótí oògùn tó sọnù láàárọ̀ náà pamọ́ sí kó tó tà á. Wọ́n tú fírísà kejì látòkè délẹ̀. Wọ́n rí ẹja. Wọn ò rí àpótí.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Nhạn wí. "Kí ló wà nínú àpótí yìí gan-an? Ẹ má fi ti ìwé sọ ọ́."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn, apá kan nínú ọpọlọ á kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ò kú, ṣùgbọ́n wọ́n á máa rọ. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ní èròjà tó fi ń bọ́ wọn, tó fi ń jẹ́ kí wọ́n tún hu ẹ̀ka. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé èròjà náà tóbi. Bí a bá gún un lábẹ́rẹ́, ẹnubodè tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kì í jẹ́ kó wọlé. Pẹ́pítáídì, ìyẹn oògùn tiwa, kéré. Ó kàn jọ ibì kan péré lára èròjà yẹn, ibi tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dá a mọ̀."

"Bí ọmọ tó ń sín ohùn bàbá rẹ̀ jẹ, kí aṣọ́nà lè ṣílẹ̀kùn fún un."

"Bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé kọ́ nìyẹn, Ọ̀gá ọlọ́pàá."

"Inú ìwé kọ́ ni wọ́n ti jí i."

Ìgò kéékèèké mẹ́wàá ló wà nínú àpótí náà, ìyẹ̀fun funfun tó dì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú yìnyín, wọ́n á pẹ́ dé aago mẹ́rin ọ̀sán. Bí yìnyín bá yọ́ tán, omi lásán ni, ìwádìí ọdún méjì á sì bà jẹ́ níbẹ̀. Dókítà Khuê ti sọ ọ́ ṣáká fún àwọn àgbà ọsibítù: bí aago mẹ́rin bá lù tí àpótí ò sí, kí wọ́n mú Diệp lọ sí àtìmọ́lé. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló wà, ọ̀kan lọ́wọ́ Dókítà, ọ̀kan lọ́wọ́ Diệp.

*

Diệp jókòó nínú yàrá aṣọ ìbora, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú, bẹ́ẹ̀ ooru ọjọ́ náà lè se ẹyin. Ọdún mẹ́jọ ló ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn.

"Èmi ni mo gbé e jáde," ó ní. "Mi ò sẹ́. Dókítà ló pè mí pé kí n gbé e jáde."

"Ó ní òun ò pè ọ́. Ó ní orí ọkọ̀ ojú omi lòun wà, ogójì ènìyàn ló sì rí i."

"Ẹ̀gbọ́n Bảy, mo mọ ohùn ọ̀gá mi! Ó pè mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi lókè lọ́hùn-ún ní Hà Nội, tí Diệp á máa kùn bí oyin lẹ́nu wọn. Ó ní, 'Diệp, kó àpótí yẹn sínú yìnyín, gbé e fún Ẹ̀gbọ́n Hai tó ń bọ̀ pẹ̀lú akoto aláwọ̀ ewé. Wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ka wa kejì. Yára!' Ló bá pa fóònù, kò kí mi, kò dúpẹ́."

"Kò kí ọ rárá?"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé òun ni."

Nhạn kọ ọ́ sílẹ̀: *Ẹ̀gbọ́n Hai, akoto aláwọ̀ ewé.* Ó kọ ọ́, ó sì kọjá lórí rẹ̀, bí ẹni tó gba iwájú ilé ara rẹ̀ kọjá láì wò ó. Lẹ́yìn náà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí, ohun tó bí i nínú jù lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Hớn ọlọ́dẹ rí ọkùnrin náà. Alùpùpù àtijọ́ ló gùn, akoto bo ojú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn na ọwọ́, ó gba àpótí, ó tẹrí ba, ó lọ.

"O ò bi í léèrè nǹkan kan?"

"Ó tẹrí ba dáadáa, Ẹ̀gbọ́n. Olè kì í tẹrí ba bẹ́ẹ̀."

"Hớn, kó àwọn ẹja rẹ kúrò níwájú mi."

Nọ́ńbà tó pe Diệp, àwọn ọmọ iṣẹ́ Nhạn wá a. Síìmù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì láì gba orúkọ ni, wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì pa á. Ojú ọ̀nà yẹn dí.

*

Dókítà Khuê ló tún mú àbá tuntun wá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó ní kò sí olóògùn kan ní gbogbo Cần Thơ tó lè ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àfi Ìyá Phụng. Ìyá Phụng ní ilé abẹ́rẹ́ kan lódìkejì ìlú, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri rẹ̀: ỌPỌLỌ TUNTUN KÍ ÌDÁNWÒ TÓ DÉ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí àwọn ọmọ wọ ìdánwò yunifásítì, àwọn òbí sì tò síwájú ibẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìrẹsì ọ̀fẹ́.

Nhạn gba àárín wọn kọjá. Nínú fíríìjì Ìyá Phụng, àpótí kan wà lóòótọ́, ìgò kéékèèké sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sókè síwájú fèrèsé. Omi ló wà nínú rẹ̀, ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n ti lò lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí nìyí?"

"Omi ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Bảy," ni Ìyá Phụng wí, kò tilẹ̀ tijú. "Ojúlówó. Ẹ jẹ́ kí n gún yín ní ọ̀kan, ẹ ó rí olè yín kó tó di ọ̀sán."

"Ẹ mọ̀ pé olè ni mò ń wá?"

"Ta ni ò mọ̀? Hớn ti ta ẹja mẹ́rin lọ́jà pé ẹja ọsibítù ni, pé ó ń múni lọ́pọlọ."

Nhạn dá ìgò náà padà. "Bí omi ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ bá ń ṣe é, Ìyá Phụng, ẹlẹ́dẹ̀ ni ì bá máa gbapò kìíní."

Nígbà tó padà jáde, oòrùn ti wà láàárín orí. Ẹnìkan ti ra kọfí oníyìnyín fún un, ó gbàgbé rẹ̀ sórí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ó wo yìnyín inú rẹ̀. Ó ti tín-ín-rín bí èékánná ọmọdé. Ó ro ti àpótí, ó sì da kọfí náà nù láì mu ún.

*

Aago kan kọjá díẹ̀ nígbà tó ní òun fẹ́ rí àwọn aláìsàn.

"Kí ni àwọn aláìsàn mọ̀?" ni Dókítà Khuê bi í. "Wọn ò lè sọ̀rọ̀! Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe wà níbí!"

"Dókítà, ẹ ti rán mi lọ sọ́dọ̀ ẹja, ẹ rán mi lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ènìyàn díẹ̀."

Ibùsùn méjì ló wà nínú yàrá àkọ́kọ́. Lórí èyí tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ni olùkọ́ kan wà, obìnrin, tí ẹnu rẹ̀ ti pa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹfà tí wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́ ló ti ń kọrin ọmọ iléèwé, tí wọn ò rí i pa lẹ́nu mọ́. Lórí èyí tó sún mọ́ fèrèsé ni Bàbá Lâm Văn Thạnh wà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, káfíńtà ọkọ̀ odò. Apá ọ̀tún rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí aṣọ bí igi tí kò tíì rí ẹni fá a.

"Méjèèjì ló ń gba abẹ́rẹ́ kan náà?"

"Mi ò mọ̀," ni Dókítà wí. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbí. Ìdajì àwọn ìgò yẹn jẹ́ oògùn, ìdajì jẹ́ iyọ̀ lásán tí a jẹ́ kó jọ oògùn, kí ìdánwò lè dúró déédéé. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn. Ìwé tó túmọ̀ nọ́ńbà wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa ní Hà Nội."

"Nítorí náà, olè yín jí ìgò mẹ́wàá láì mọ èwo ni oògùn?"

"Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀."

"Èmi ń rò ó."

Àsìkò ìdánwò ọ̀sán ti tó. Dókítà mú ìwé rẹ̀, ó dúró níwájú Bàbá Thạnh, ó na ìka mẹ́ta. "Mélòó?"

Bàbá wò ó. Ètè rẹ̀ gbọ̀n. "Hai."

Dókítà kọ ọ́: àṣìṣe. Ó na ìka kan. "Mélòó?"

"Hai."

"Ọjọ́ mọ́kànlá nìyí," ni Dókítà wí fún Nhạn. "Èjì, èjì, èjì. Lọ́jọ́ karùn-ún mo na ìka méjì, ó gbà á, ṣùgbọ́n kòńgẹ́ lásán ni. Mo ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò tíì sí ọ̀rọ̀ kankan. Kò..."

Lójú títì nísàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ kan tó ń ta bánh giò, ìyẹ̀fun ìrẹsì aléran tí wọ́n fi ewé dì sè, ń kọjá. Wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ ọn, ohùn ọkùnrin kan sì ń jáde láti inú rẹ̀, ohùn ará Àríwá gidi, tó ń fà bí okùn tútù: "Bánh giò gbígbóná o... bánh giò Hà Nội o..."

Bàbá Thạnh yí ọrùn sí fèrèsé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbá ibùsùn pàá.

"Hai!" ó ké. "Hai!"

Dókítà gbé kálámù rẹ̀ sókè. "Ẹ rí i? Láì na ìka rárá báyìí."

Nhạn ń wo ojú àgbàlagbà náà. Ẹni tó ń ka nǹkan kì í ṣe ojú bẹ́ẹ̀. Ojú bàbá tó dúró sẹ́bàá odò, tó rí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ lókèèrè, lòun ń wò yẹn.

"Dókítà," ó ní jẹ́jẹ́, "nílé yín ní Hà Nội, kí lẹ ń pe ẹ̀gbọ́n yín àgbà pátápátá?"

"Ẹ̀gbọ́n Cả, kí ni à bá tún pè é? Kí nìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú..."

"Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan lójú títì tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣé ẹ lè pè é ní Ẹ̀gbọ́n Hai?"

"Ẹ̀gbọ́n Èjì? Ènìyàn kì í ṣe nọ́ńbà ilé! Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ níbí lẹ máa ń..."

"A máa ń," ni Nhạn wí. "Àwa ará ìsàlẹ̀ níbí, a kì í pe àkọ́bí ní Ẹnìkìíní. Àwọn àgbà ní kí aburú má baà dá a mọ̀ ni. Hai la máa ń pè é. Ẹni tó tẹ̀ lé e á jẹ́ Ba, ìyẹn Ẹ̀ta. Bá a bá sì fẹ́ pọ́n ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí lé, Ẹ̀gbọ́n Hai la ó pè é. Diệp gbọ́ ọ lórí fóònù, kò ta á létí. Èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọjá lọ, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni! Ẹ̀yin nìkan ló yẹ kó ya lẹ́nu, ẹ sì lọ ń kó ẹja nínú fírísà!"

"Nítorí náà, ẹni tó pe Diệp..."

"Ohùn yín ló lò. Kì í ṣe ẹ̀yin. Diệp ò parọ́, ẹ̀yin náà ò parọ́. Ará ìsàlẹ̀ kan ló sín yín jẹ, ó ṣe ahọ́n yín, ó ṣe ìwọ̀sí yín, ó ṣe gbogbo rẹ̀ pé, àfi ibi ìdílé ló gbàgbé láti sín."

Ó ti dé ẹnu àtẹ̀gùn kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ń sáré tọ ohùn kẹ̀kẹ́ náà lọ.

*

Obìnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ bánh giò náà kì í ṣe ará Hà Nội rárá. Ọmọ Sóc Trăng ni, bó ṣe la ẹnu báyìí, èèyàn mọ̀.

"Ohùn ta ni ò ń lò yìí, àbúrò?"

"Tèmi kọ́ o, Ẹ̀gbọ́n! Bí mo bá fi ohùn tèmi ta á, ta ló máa gbà pé bánh giò Hà Nội ni? Hai Quới ló gbà á sílẹ̀ fún mi, lẹ́yìn ọjà ẹja. Ó lè ṣe Huế, ó lè ṣe Hà Nội, ó lè ṣe ìyá arúgbó. Gbogbo ẹni tó ń kiri nílùú yìí, òun ló ń bá wọn pariwo."

"Ọmọ ta ni?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Àkọ́bí Bàbá Thạnh, káfíńtà ọkọ̀."

Nhạn ra bánh giò kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọ àpò. Kò tún jẹ ẹ́.

*

Yàrá Quới ò ju ilé adìyẹ lọ. Ó ti lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ògiri rẹ̀ kí ariwo ọjà má baà wọlé. Akoto aláwọ̀ ewé wà lórí ìṣó. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ẹni ogójì ọdún tó ti ń hu ewú, àpótí yìnyín sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Kò sá. Ó kàn wo Nhạn.

"Mẹ́wàá ni," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ pé. Mo ń pààrọ̀ yìnyín rẹ̀ ní wákàtí wákàtí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Olùkọ́ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi ń kọrin, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ̀ pé omi iyọ̀ ni wọ́n ń gún un. Mo ní kí n wá tòótọ́ fún un, kí n sanwó fún nọ́ọ̀sì kan kó gún un." Ó tọ́ka sí àwọn ìgò náà. "Mo ṣí i. Nọ́ńbà ni mo bá. Mo rò pé wọ́n á kọ oògùn sára oògùn! Láti aago mẹ́jọ ni mo ti ń wò wọ́n. Bí mo bá mú iyọ̀ ńkọ́? Bí mo bá gba ti ẹlòmíràn tó ń gbádùn bọ̀ ńkọ́?"

"Ìgbà tó o jí i tán lo wá ń ro ìyẹn."

"Ìgbà tí mo jí i tán ni."

Ká ní ó sá ni, tàbí ó jà, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn. Irú olè yìí ló máa ń dá Nhạn lágara jù: èyí tí èèyàn ò lè bínú sí tẹ́rùn.

"Ohùn rẹ dára," ó ní. "Dókítà fúnra rẹ̀ ò lè ṣe Dókítà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Hà Nội wo lo gbọ́ rí tó ń pe èèyàn ní Ẹ̀gbọ́n Hai?"

Quới fi ọwọ́ bo ojú. "Orúkọ mi ni," ó ní. "Kò sí òmíràn tó wá sí mi lẹ́nu."

"Ìgbà wo lo máa ń lọ wò ó?"

"Aago mẹ́jọ alẹ́, bí mo bá ṣíwọ́. Á ti sùn, tàbí kó kọjú sí ògiri. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Ṣáájú àìsàn yìí, ó bi mí pé, 'Ìwọ tó ń ta ohùn ẹlòmíràn, lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ pe bàbá rẹ, ohùn ta lo máa fi pè é?' Mo kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, rọpárọsẹ̀ kọlù ú."

Nhạn wo aago. Aago mẹ́ta ti kọjá. "Gbé àpótí yẹn," ó ní. "Rọra. Bí o bá dà á nù, màá fi ẹja Hớn nà ọ́."

*

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé. Diệp ló gba àpótí náà. Ó ka ìgò mẹ́wàá, ó fọwọ́ kan yìnyín, ó tì í bọ fírísà àkọ́kọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó wá fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn fírísà fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu.

Dókítà Khuê ní kí wọ́n de Quới lọ́wọ́.

"Màá dè é," ni Nhạn wí. "Ẹ kọ́kọ́ dán aláìsàn yín wò fún mi."

"Mo ti dán an wò!"

"Ẹ tún un ṣe. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀, Dókítà. Ẹ má jẹ́ ká jọ fa ọ̀rọ̀."

Wọ́n wọlé. Quới dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí bàbá rẹ̀ ò ti lè rí i. Dókítà na ìka mẹ́ta síwájú Bàbá Thạnh pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n fipá mú jó.

Nhạn yíjú sẹ́yìn. "Pè é," ó ní. "Ohùn tìrẹ."

Ó dà bíi pé ọkùnrin náà ń wá nǹkan kan nínú yàrá tí ó kún fún ẹrù àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ohùn náà jáde, kò dùn. Ó há, ó kéré, kò sẹ́ni tó lè fi ta nǹkan kan.

"Ba," ó ní.

Àgbàlagbà náà yí ọrùn sí ẹnu ọ̀nà.

"Hai."

"Ba."

"Hai."

Dókítà Khuê wo ìka mẹ́ta tó nà, ó wo Quới, ó tún wo Bàbá. "Ẹ̀ta, èjì," ó ní, ó ti sú u. "Ẹ̀ta, èjì. Ṣé wọ́n ń kà á sẹ́yìn ni? Kí ni kí n kọ?"

"Kí lẹ ń pe bàbá yín ní Hà Nội?"

"Bố."

"Níbí, Ba ni. Ba ni ẹ̀ta, Ba náà ni bàbá." Nhạn gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sórí tábìlì níwájú rẹ̀. "Ọjọ́ mọ́kànlá, Dókítà. Ẹ na ìka síwájú bàbá kan, ẹ bi í pé mélòó, ó sì ń bi yín pé ọmọ òun dà."

Dókítà Khuê kì í ṣe ènìyàn búburú. Ènìyàn tó rò pé ọ̀rọ̀ kan ní ilẹ̀kùn kan péré ni. Ó jókòó. Ó yọ kálámù, ó fa ìlà gba orí àṣìṣe ti ọjọ́ kìíní, ó fa ti ọjọ́ kejì, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ọjọ́ karùn-ún, ibi tó kọ sí pé ó gbà á, ó dúró. Ó fa ìlà gba orí ìyẹn náà.

"Ìyẹn ò sọ pé oògùn ló ń gbà," ó ní láì gbójú sókè. "Ó lè jẹ́ iyọ̀. Títí wọ́n á fi ṣí àpòòwé..."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i."

Quới ti lọ kúnlẹ̀ sẹ́bàá ibùsùn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn láì gbójú kúrò lára bàbá rẹ̀, kí Nhạn lè dè é.

Nhạn wo ọwọ́ náà. Ó wo aago. Ó yọ bánh giò tó ti tutù nínú àpò, ó tú ewé rẹ̀.

"Olè ni ọ́, màá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Lọ́la, aago mẹ́jọ, kí n bá ọ ní tésàn. Bí mo bá wá ọ tì, èmi fúnra mi ni màá wá mú ọ."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n Bảy. Aago méje ni màá ti wà níbẹ̀."

"Ta ló ní aago méje?" Ó ti bu bánh giò sẹ́nu, ó sì fi ẹnu tó kún tọ́ka sí Dókítà Khuê, sí ìwé rẹ̀, àti sí ìka rẹ̀ mẹ́ta tó gbàgbé láti ká. "Aago méje, ìdánwò wà níbí. Ìwọ ni wàá máa dúró níwájú bàbá rẹ."